Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà: ohun tó ń mú kí ìrèké oko kan pọ̀ ju ti èkejì lọ

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú mọ bí ìrèké ṣe ń wọ ìlú. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń kó o wá láti Òkè-Ọya ní ìdì-ìdì. Àwọn tó ń tà á á bó o, wọ́n á gé e sí kéékèèké, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á wá máa ti bárò kiri láti Sábó títí dé Odogunyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkùrọ̀ wà ní Ìmọ̀ta, ó wà lápá Àgbówà, omi kò sì wọ́n níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ń gbin ìrèké sétí omi wọ̀nyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, igi ìrèké wọn sì sábà máa ń tín-ín-rín.

Ọ̀rọ̀ náà ju ìpápánu lọ. Orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ ṣúgà tó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fún jáde nínú ìrèké tí a gbìn fúnra wa kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyókù ń bá ọkọ̀ ojú omi wá, pàápàá láti Bràsíl, ní ṣúgà pupa tí wọn ò tíì fọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Àpápá ló ń fọ̀ ọ́ di funfun. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìgbógbó àti ẹni tó ń po ògì fọ́mọ ní Ìjẹ̀dẹ́ ló jọ jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti rí èyí tipẹ́. Lọ́dún 2012 ni wọ́n fọwọ́ sí ètò ńlá kan lórí ṣúgà, tí NSDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ṣúgà, ń darí. Abala kìíní rẹ̀ parí lọ́dún 2023, abala kejì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kó dé 2033. Ohun tó wà nídìí ètò náà ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ àǹfààní láti máa kó ṣúgà pupa wọlé gbọ́dọ̀ dá oko ìrèké sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun ló fà á tí ẹ fi ń gbọ́ orúkọ Numan ní Adamawa, Sunti ní ìpínlẹ̀ Niger, àti Lafiagi ní Kwara. Owó ti wọlé, ẹ̀rọ ti wọlé. Síbẹ̀ ìrèké kò tíì tó, ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ilẹ̀ wa ni kò dára tó, tàbí pé ẹ̀rọ ni kò tíì pọ̀ tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò. Tí a bá pa gbogbo ayé pọ̀, héktà ìrèké kan ń mú nǹkan bí 70 tọ́ọ̀nù wá. Héktà kan tó nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì 15 ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ilẹ̀ níbí. Ní Peru, héktà kan ń mú ju 100 tọ́ọ̀nù lọ wá. Ìṣirò tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ń gbé jáde fi tiwa sí nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù, ó sì máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú ìrèké tí wọ́n kà mọ́ tiwa yẹn jẹ́ ti àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin ìrèké jíjẹ sí etí odò, tí kò ní ju ọkọ́ àti àdá lọ. Ewéko kan náà ni. Oòrùn tiwa kò kéré. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe sí i, ìgbà tó ń ṣe é, àti ohun tí àdéhùn tó fi gba ilẹ̀ jẹ́ kó lè ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọn kì í sọ̀rọ̀ lé lórí tó, òun sì ló ń dùn mí jù ní Ìkòròdú.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń gbìn. Koríko ni ìrèké. Ìbátan àgbàdo ni, ìbátan ọkà bàbà àti eèsún. Ó wà lára àwọn ewéko tó mọ oòrùn lò jù láyé, ìdí nìyẹn tó fi lè ga ju ènìyàn lọ láàárín oṣù díẹ̀. Lóko àgbẹ̀, a kì í gbin hóró rẹ̀. Igi rẹ̀ ni a ń gé ní ègé-ègé, ojú tó wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń hù. Tó bá ti hù, á yọ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, ìdí kan á di igi mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń ta gogoro, kó tó wá gbó kó sì dùn. Látorí gbígbìn títí dé gígé máa ń gba oṣù 12 sí 18. Tí ọ̀kan nínú àwọn ìgbà wọ̀nyí bá bàjẹ́, ìgbà tó tẹ̀ lé e kì í lè tún un ṣe. Ìdí tí kò yọ ọmọ tó ní oṣù kẹta kò ní yọ ọ́ mọ́ ní oṣù kẹsàn-án, bó ti wù kí ajílẹ̀ pọ̀ tó.

Irúgbìn ni ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oko ti ń kùnà kí òjò tó rọ̀. Tí mo bá bi àgbẹ̀ ìrèké ní àyíká wa léèrè ibi tó ti rí èyí tó gbìn, ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni pé ó gé e lára ti àtijọ́, tàbí aládùúgbò ló fún un, tàbí ó ṣa orí ìrèké tí àwọn oníbárò gé sọnù. Orí ìrèké kì í ṣe irúgbìn burúkú o. Ojú tó wà lókè máa ń tètè hù ju ti ìdí lọ, nítorí omi pọ̀ níbẹ̀, ṣúgà sì kéré. Ohun tó burú ni pé ẹni tó ṣa á kò mọ oko tó ti wá, kò mọ iye ọdún tí ìdí náà ti lò, kò sì mọ àìsàn tó gbé wá. Irúgbìn tó dára ni èyí tí a gé lára ìrèké tó jẹ́ oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí a dìídì gbìn fún irúgbìn, tí ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n sì gbìn kó tó gbẹ.

Àìsàn tí mo ń sọ yìí, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Queensland, ní Australia, lọ́dún 1944 sí 1945, tó ti wá tàn dé ibi púpọ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, inú ihò tí omi ń gbà lára igi ló ń gbé. Kò sí àmì lójú ewé, kò sí àbàwọ́n lára igi. Ìrèké kàn máa ń kúrú ni, àgàgà lára èyí tó hù padà látorí kùkùté, àgbẹ̀ á sì rò pé ilẹ̀ ló ti gbó. Àdá ló ń gbé e láti ìdí kan dé èkejì. Àdá tó gé ìdí kan tó ní àìsàn á máa pín in fún àwọn ìdí tó bá gé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n máa ń rẹ ègé ìrèké sínú omi gbígbóná tó wà ní ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí méjì kí wọ́n tó gbìn ín sí oko irúgbìn, wọ́n á sì máa fi sípírítì nu àdá láàárín iṣẹ́. Apá kejì yẹn, ẹnikẹ́ni lè ṣe é ní Ìkòròdú lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irú tuntun nìkan ló tó. Ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Íńdíà, wọ́n mú irú kan jáde lọ́dún 2009 tí wọ́n ń pè ní Co 0238. Ó pọ̀, ó dùn, àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti gba ohun tó ju ìdajì ilẹ̀ ìrèké ìpínlẹ̀ náà lọ dáadáa. Nígbà tí àìsàn tó máa ń mú inú igi pupa wá mọ ọ̀nà ara rẹ̀, kò sí ohun tó dá a dúró, nítorí irú kan ṣoṣo ló wà lóko baba, tó wà lóko ọmọ, ìrèké tó ti kó àìsàn ni wọ́n sì tún ń gé gbìn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pàdánù. Irú náà kọ́ ló ṣẹ̀ wọ́n, bí wọ́n ṣe lò ó ni.

Níbí, iléeṣẹ́ ìwádìí NCRI tó wà ní Badeggi, ìpínlẹ̀ Niger, ni iṣẹ́ wíwá irú ìrèké tó dára wà lọ́wọ́ rẹ̀, fásitì Ìlọrin náà sì ní ilé ìwádìí tirẹ̀ lórí ṣúgà. Ṣùgbọ́n Badeggi jìnnà sí Ìmọ̀ta. Irúgbìn ìrèké wúwo: héktà kan máa ń gba tọ́ọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́jọ tí a bá gbìn ín bí àwọn baba wa ṣe ń gbìn ín. Ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀ ìyẹn? Ọ̀nà kan wà tó dín ẹrù yìí kù, tí wọ́n ti ń lò gan-an ní Íńdíà. Wọ́n á gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi pẹ̀lú ẹran díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá kékeré bí a ṣe ń tọ́jú tòmátì àti ata, nígbà tó bá sì hù dáadáa ni wọ́n á tó gbé e lọ sóko. Irúgbìn tó ń lọ sínú héktà kan á dín kù gidigidi. Àwọn ìyá tó ń tọ́jú ẹ̀fọ́ àti ata ní Odogunyàn ti mọ iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Irúgbìn tó mọ́ nìkan ni wọn ò tíì rí.

Omi ńkọ́? Lójú ìwé, òjò wa tó. Ìrèké ń fẹ́ omi tó 1,500 sí 2,500 mìlímítà láàárín ìgbà tó fi wà lóko, òjò Èkó sì máa ń tó 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ìṣòro wa ni pé ó ń kó ara jọ. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù keje, ó ń rọ̀. Ní oṣù kẹfà, ó lè bo poro mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún rọ̀ dé oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn á dé. Ìrèké lè dúró nínú omi fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ tí omi ò bá lọ, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì máa jẹrà. Nítorí náà, níbi tí àgbẹ̀ Numan ti ń ronú bí omi ṣe máa dé oko, bí omi ṣe máa jáde ló yẹ kí àgbẹ̀ àkùrọ̀ wa máa rò. Ebè gíga àti ojú àgbàrá tó lọ tààrà dé odò lè ṣe fún ìrèké Ìmọ̀ta ju àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá lọ. Iṣẹ́ líle ni, lébìrà kì í sì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Òótọ́ kan wà tó yẹ kí n sọ níbí, kó má baà dà bíi pé mò ń ta àlá fún ẹnikẹ́ni. Ìkòròdú kì í ṣe ibi tó yẹ kí a máa retí ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Kí ìrèké tó lè kó ṣúgà jọ sínú, ó ń fẹ́ ìgbà gbígbẹ tó tutù díẹ̀ ní òpin ọjọ́ orí rẹ̀, kó lè dẹ́kun gíga. Ọyẹ́ tiwa kì í pẹ́, afẹ́fẹ́ wa sì máa ń rin lọ́pọ̀ ọdún. Àwọn oko ńlá wà ní Òkè-Ọya nítorí pé oòrùn wà níbẹ̀, ọyẹ́ wà níbẹ̀, odò ńlá sì wà nítòsí: Bacita àti Sunti wà létí Odò Ọya, oko Numan sì ń gba omi láti ìsédò Kiri lórí odò Gongola. Wọ́n lè fún ìrèké lómi nígbà tó ń dàgbà, kí wọ́n sì dá omi náà dúró ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú gígé kó lè dùn. Tiwa níbí ni ìrèké jíjẹ, ti àwọn tó ń fún omi rẹ̀ tà, àti èyí tí a fi ń ṣe ìkómọjáde. Ọjà ńlá nìyẹn ní ìlú tó tó Èkó. Ọ̀nà tí oko ìrèké ṣúgà fi ń pọ̀ náà ni ti ìrèké jíjẹ fi ń pọ̀.

Lórí koríko, mi ò ní pẹ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ìrèké kì í tètè bo ilẹ̀, èkan àti eèsún á sì ti gba oòrùn mọ́ ọn lójú. Àgbẹ̀ tó ro oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ti ṣe iṣẹ́ tó le jù. Lẹ́yìn ìyẹn, òjìji ìrèké á máa bá a pa koríko. Àgbẹ̀ tó bá dúró di oṣù karùn-ún kó tó gbé ọkọ́, owó lébìrà náà ni yóò san, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìrèké ò yọ ti lọ nìyẹn. Kí ó má sì jẹ́ kí eèsún dúró sí bèbè oko, nítorí inú rẹ̀ ni kòkòrò tó ń lu inú igi ìrèké máa ń farapamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni òyà ń gbà wọlé. Ọdẹ mọ èyí ju àgbẹ̀ lọ.

Ní ti ajílẹ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni ti àsìkò. Ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, tó wà nínú yúríà, àárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìrèké nílò rẹ̀ jù. Tí a bá dà á sí i nígbà tó yẹ kó máa gbó, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga, á máa hu ewé, dídùn rẹ̀ á sì dín kù. Èyí tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù ló ń ràn án lọ́wọ́ láti gbé ṣúgà láti inú ewé lọ sínú igi, ìrèké sì ń kó o kúrò nínú ilẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Ilẹ̀ iyanrìn tiwa kì í pa á mọ́, òjò á ti fọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà, ó sàn kí a pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì ju kí a dà á lẹ́ẹ̀kan náà lọ. A sì ní ohun tí àgbẹ̀ ibòmíràn ò ní: Ìkòròdú kún fún oko adìyẹ. Ìgbẹ́ adìyẹ tó bá ti jẹrà dáadáa ń fún ilẹ̀ iyanrìn lágbára láti di omi àti oúnjẹ mú. Èyí tó tutù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ má fi kánjú.

Ilẹ̀ náà ń fẹ́ ìsinmi. Ní Australia, wọ́n rí i pé ìrèké wọn ń dín kù lọ́dọọdún láìka irú tuntun àti ajílẹ̀ sí. Lọ́dún 1993, wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ láti wádìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbígbin ìrèké tẹ̀ lé ìrèké láìdáwọ́ dúró ló ń pa ilẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ wíwúwo tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi sóyà gba àárín kí wọ́n tó tún gbin ìrèké, èrè oko wọn gòkè ní nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa. Kódà, nígbà tí ìrèké ṣì kéré, a lè gbin ẹ̀wà sí àárín ebè, kí a kó o jẹ kí ìrèké tó bo ilẹ̀. Ẹ̀wà yẹn lè san owó ìroko àkọ́kọ́.

Kùkùté ló kàn báyìí, òun sì ni ìdí gan-an tí mo fi gbé kálámù. Tí a bá gé ìrèké, kùkùté rẹ̀ á tún hù. A ò ní ra irúgbìn mọ́, a ò ní kọ ebè mọ́, èyí tó hù padà yìí sì máa ń tètè gbó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́pọ̀ oko ní Bràsíl, ìgbìn kan ni wọ́n ń gé ní bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí wọ́n tó tú u. Ibẹ̀ ni èrè ìrèké wà. Ọdún àkọ́kọ́, ìnáwó ni. Ọdún kejì sí ìkarùn-ún ló ń san án padà. Àmọ́ kùkùté ń fẹ́ ìtọ́jú. A gbọ́dọ̀ fi àdá gé e mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó gé e sókè fi ibi tó dùn jù sílẹ̀ lóko, ọmọ tó bá sì hù látorí kùkùté gíga kì í ní gbòǹgbò gidi, atẹ́gùn á gbé e ṣubú. A gbọ́dọ̀ dí àwọn ibi tí ìdí ti kú. A gbọ́dọ̀ fún un ní ajílẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn gígé. Ewé gbígbẹ tó kù nílẹ̀, kí a má dáná sun ún: ó ń bo ilẹ̀, ó ń dí koríko lọ́nà, ó ń pa omi mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rin jù, ká kó o sí àárín ebè kó má baà bo ojú tó fẹ́ hù.

Lọ́pọ̀ àkùrọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń ṣe èyí. Wọ́n á gé ìrèké, wọ́n á tiná bọ ewé, wọ́n á lọ, wọ́n á padà wá nígbà tó bá tún tó ta. Èyí tó hù padà á tín-ín-rín, ọdún kẹta á burú ju ìkejì lọ, wọ́n á sì ní ilẹ̀ ti gbó. Àwọn tó ń wá kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ máa ń wo èyí, wọ́n á ní àgbẹ̀ kò gbọ́ràn, tàbí pé kò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbẹ̀ náà léèrè bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n fi yá a. Ẹbí tó ni ilẹ̀ ò kọ ìwé fún un. Òpó tí wọ́n fi ń pín pulọ́ọ̀tì ti dúró sí ìkángun oko ẹni kejì rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí oníbàárà bá dé láti Èkó pẹ̀lú owó lọ́wọ́, kátàpílà lè wọlé kó tó di pé kùkùté hù. Ta ló máa gbẹ́ ojú àgbàrá tí ọdún mẹ́rin yóò fi wúlò sórí ilẹ̀ tí kò dá a lójú pé òun ó lò ní ọdún tó ń bọ̀? Ta ló máa ra irúgbìn tó mọ́ lówó iyebíye, tàbí kó gbin ẹ̀wà láti fi tún ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe? Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ní ọdún kan ni pé kó gbìn, kó gé, kó máa lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìmọ̀.

Mi ò dá àwọn ẹbí onílẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Owó ilé kíkọ́ ju owó oko lọ fíìfíì, ìlú sì ti ń tàn dé ibi tí a ò rò. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà, àmọ́ nínú oko, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ àkùrọ̀ tí omi ń bò ní oṣù kẹfà kò yẹ fún ilé rárá. Ẹni tó ra irú rẹ̀ kọ́lé ń rí i lọ́dọọdún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrèké lè gbà, òun sì ni ẹbí lè fi sílẹ̀ fún àgbẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìpàdánù ohun kan. Ìjọba náà ní àgọ́ àgbẹ̀ ní Odogunyàn. Bí ọdún tí wọ́n bá kọ sínú ìwé níbẹ̀ bá gùn, a ó rí bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú kùkùté.

Gígé àti títà kò ní gba àlàyé púpọ̀. Ìrèké tí wọ́n bá ti gé kì í dúró dè wá. Ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, á máa gbẹ, inú á máa kan. Ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ láàárín wákàtí 24 sí 48. Àgbẹ̀ tó bá gé ẹrù oko rẹ̀ tán kó tó wá ọkọ̀ ti sọ iṣẹ́ ọdún kan nù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àǹfààní àgbẹ̀ Ìkòròdú lórí ti Òkè-Ọya nìyí: ohun tó gé láàárọ̀ lè dé Kẹtu kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láìná kọ́bọ̀: kíkọ nǹkan sílẹ̀. Ìdì ni àgbẹ̀ wa fi ń ka ìrèké, ìdì kan kò sì bá èkejì dọ́gba. Tí a ò bá mọ iye kílò tí pulọ́ọ̀tì kan mú wá lọ́dún yìí, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kùkùté ti ń rẹ̀ ẹ́, tàbí pé ìgbẹ́ adìyẹ ṣiṣẹ́? Ìwé ọmọ ilé-ìwé kan tó: ọjọ́ tí a gbìn, ibi tí irúgbìn ti wá, ọjọ́ tí a roko, ìwọ̀n tí a gé. Báńkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ yá àgbẹ̀ lówó máa ń fẹ́ rí irú ìwé yẹn.

Wọ́n á ní kí ìjọba kọ́kọ́ kọ́ ilé-iṣẹ́, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká wo Ìmọ̀ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tó wà níbẹ̀, tó lè ṣiṣẹ́ 32 tọ́ọ̀nù láàárín wákàtí kan. Ohun ńlá ni, mo sì fi yangàn. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìrẹsì tí wọn ò tíì bó ló ń jẹ, kò sì sí bí oko tó yí Ìkòròdú ká ṣe lè bọ́ ọ yó fúnra wọn. Ìrèké tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì lè wọ ọkọ̀ láti Kebbi tàbí Jigawa wá kó má bàjẹ́, ìrèké ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó lè yè láìjẹ́ pé àgbẹ̀ tó yí i ká ń rí ìrèké kó dáadáa lórí ilẹ̀ tó dá wọn lójú. Ohun tí wọ́n ń wá ní abala kejì ètò ṣúgà yẹn nìyí, ohun náà ni a lè dán wò níbí pẹ̀lú ìrèké jíjẹ lórí ilẹ̀ kékeré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé ní oṣù kẹta, ni ẹbí àti àgbẹ̀ sábà máa ń jókòó lórí owó ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé síwájú báálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí ní Ìmọ̀ta àti Àgbówà kò ju ojú ìwé kan lọ: ọdún márùn-ún lórí àkùrọ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí, owó tí wọ́n máa san lọ́dún kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì, àti iye tí ẹbí yóò dá padà fún àgbẹ̀ lórí ìdí ìrèké kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì wà láàyè, tí wọ́n bá gba ilẹ̀ wọn kí ọdún márùn-ún náà tó pé.